Èmi ni mo sọ ọ́ ní Orobo

Ìdí bóòhóò ni mo wà ní Kábà lọ́jọ́ tí tíṣà ọmọ mi pè mí. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà ni mo tò sórí ìlà, ó ku ẹni méjì kó kàn mí, ẹni tó bá sì mọ bóòhóò àdúgbò wa á mọ̀ pé téèyàn bá fẹsẹ̀ kúrò níbẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ẹ̀yìn pátápátá ló máa bá kẹ́ẹ̀gì ẹ̀. Tíṣà ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ máa bọ̀, ó tún ti ṣe é o." Mi ò bèèrè ohun tó ṣe. Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyẹn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí ọmọ mi, ọmọ ọdún márùn-ún péré, máa gé ọmọ kíláàsì ẹ̀ jẹ.

Mo dé ibẹ̀, wọ́n na apá ọmọ ọlọ́mọ sí mi. Ojú eyín yẹn tò roboto sára ọmọ náà bí ìgbà tí èèyàn fi ìdérí míníráàlì tẹ ẹ̀kọ tútù. Ojú tì mí. Ọmọ tèmi jókòó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń wo bàtà ẹ̀, kò sunkún, kò sọ̀rọ̀, ó kàn la ẹnu sílẹ̀ tó ń fi mí bó ṣe máa ń ṣe. Tíṣà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, obìnrin jẹ́jẹ́ ni o, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ó ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú, bóyá ara tó tóbi yẹn ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Àwọn ọmọ tó bá sanra báyìí, wọ́n máa ń jà." Ó ní kí n dín oúnjẹ ẹ̀ kù.

Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn délé, mo gbé e sùn, mo gbé e jí.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ bí orúkọ yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀. (Orúkọ ẹ̀ gangan, mi ò ní kọ ọ́ síbí, kó má lọ jẹ́ pé tó bá dàgbà á pè mí lẹ́jọ́.) Kílò mẹ́rin ó lé díẹ̀ ni mo bí i, inú Ìyé mi dùn débi pé ó jó yí ilé ká. Ìyé là ń pe ìyá ní tiwa. Níbi tí mo ti wá, ọmọ tó bá rù, ìyá ẹ̀ ni wọ́n ń wò. Wọ́n á ní ṣé kò lómi ọyàn ni, àbí ọkọ ò fún un lówó ọbẹ̀ ni, àbí ó tún ti lóyún mìíì. Ọmọ tó bá ki, ìyá ẹ̀ lè gbórí sókè wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó pé oṣù méje, ó jókòó sínú báàfù, ẹran itan ẹ̀ pín sí mẹ́ta mẹ́ta, mo ya fọ́tò ẹ̀, mo gbé e sórí sítétọ́ọ̀sì WhatsApp mi, mo kọ "Orobo mi" sábẹ́ ẹ̀. Ó parí. Látọjọ́ náà, gbogbo ẹbí ò mọ orúkọ mìíì mọ́. A lọ síbi òkú àgbà kan ní Ìsánlú, àwọn àǹtí tí mi ò tiẹ̀ mọ̀ rí ń ké láti ọ̀nà jíjìn, "Okun o, ìyá Orobo!", wọ́n ń fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ, wọ́n ń bu iyán sí i lẹ́nu, èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Ta ló máa sọ pé ìfẹ́ kọ́ nìyẹn? Ìfẹ́ ni. Àmọ́ nígbà tó fi máa pé ọdún mẹ́rin, téèyàn bá pe orúkọ tí a fi ṣe ìsọmọlórúkọ ẹ̀, kò ní yíjú.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tíṣà, ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ni pé mo tì í mọ́ oúnjẹ. Mo gbé Indomie sórí kọ́bọ́ọ̀dù, mo gbé mílíìkì sínú yàrá, mo kí bísíkíìtì bọ inú àpótí aṣọ. Ìyán tó máa ń jẹ òkèlè mẹ́wàá, mo ní mẹ́rin, mo jókòó tì í, mo ń kà á. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọmọ tí kò jalè rí bẹ̀rẹ̀ sí í bu ẹ̀pà lórí àtẹ Ìyé, ó wọ ilé aládùúgbò lọ kó súgà lá, ó tún wá ń jà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìgbà tí mo wá ń kàwé lórí ọ̀rọ̀ yìí ni mo rí i pé wọ́n ti ṣe é rí ní Amẹ́ríkà, ní 1999, Jennifer Fisher àti Leann Birch, àwọn tó ń ṣèwádìí lórí bí ọmọdé ṣe ń jẹun. Wọ́n kó ìpápánu kan sínú ìgò tó ń hàn kedere, wọ́n gbé e sáàárín tábìlì àwọn ọmọ kéékèèké, wọ́n ní wọn ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án fúngbà díẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn ò rí nǹkan mìíì sọ mọ́ àfi ìgò yẹn, nígbà tí wọ́n sì yọ̀ǹda ẹ̀ fún wọn, wọ́n já lù ú. Ìpápánu tí wọ́n ti ń jẹ tẹ́lẹ̀ tí wọn ò kà sí o. Mo kà á, mo rẹ́rìn-ín, mo dìde lọ kó bísíkíìtì kúrò nínú àpótí aṣọ.

Ṣé irọ́ wá ni tíṣà ń pa? Rárá o, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń tọ́pa àwọn ọmọ tó tó 19,000 tí wọ́n bí láàárín 2000 sí 2002, Millennium Cohort Study ni wọ́n ń pè é, wọ́n ń wọ̀n wọ́n, wọ́n ń bi àwọn ìyá léèrè bí ọmọ ṣe ń ṣe, ṣé ó máa ń jà, ṣé ó lè jókòó jẹ́jẹ́, ṣé ó ní ọ̀rẹ́. Ìgbà tí wọ́n pé ọmọ ọdún márùn-ún, àwọn ọmọkùnrin tó sanra jù nínú wọn, ìjà wọn pọ̀ ju tàwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, wọn kì í lè dúró sójú kan, àwọn ẹgbẹ́ wọn ò sì fẹ́ bá wọn ṣeré. Ti àwọn ọmọbìnrin ò rí bẹ́ẹ̀ délẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ àti eré ló kan tiwọn jù. Mo kà á, àyà mi já. Ọmọkùnrin, ọdún márùn-ún, bí ẹni pé ọmọ mi ni wọ́n ń wò láti ojú fèrèsé.

Àmọ́ mo tún rí òmíì. Ní 2003, Julie Lumeng àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde lórí ọmọ 755, ọmọ ọdún mẹ́jọ sí mọ́kànlá. Àwọn tí ìwà wọn ń fa wàhálà ló ṣeé ṣe jù kí wọ́n sanra, ìyẹn ò yà mí lẹ́nu mọ́. Èyí tó dá mi dúró ni pé àwọn ọmọ kan wà níbẹ̀ tí ara wọn wà níwọ̀ntúnwọ̀nsì nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ wọ̀n wọ́n, tó jẹ́ pé ìwà nìkan ló le, ìgbà tí wọ́n máa padà wọ̀n wọ́n lẹ́yìn ọdún méjì, àwọn ló ṣeé ṣe jù kí wọ́n ti sanra. Ìwà ló ṣíwájú, ara ló tẹ̀ lé e. Àbí ẹ rí i? Kì í ṣe pé ọ̀rá wọ inú ọmọ lọ tó wá ń sọ fún un pé kó gé èèyàn jẹ. Mo wá ń rò ó pé bóyá nǹkan kan wà lẹ́yìn àwọn méjèèjì tó ń tì wọ́n, bí atọ́kùn ṣe ń darí eégún tó jẹ́ pé ara eégún ni ojú gbogbo ayé wà.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá atọ́kùn yẹn.

Mo lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì súkúù nígbà bíréèkì, lábẹ́ igi máńgòrò, bíi pé mo ń dúró de ọ̀kadà. Àwọn ọmọkùnrin fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù. Òkúta méjì ni wọ́n fi ń ṣe póòlù lápá kan, lápá kejì wọ́n rí òkúta kan ṣoṣo. Ẹ mọ ẹni tí wọ́n fi ṣe òkúta kejì? Ọmọ mi. Wọ́n ní "Orobo, dúró síbí, má kúrò o," ó sì dúró síbẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì mọ́ ara ẹ̀, bọ́ọ̀lù ń bà á nítan, bọ́ọ̀lù ń bà á níkùn, gbogbo wọn ń pariwo "góólù!". Bíi ogún ìṣẹ́jú. Ọmọ kan wá sáré kọjá, ó fi ìka gún un ní ìdodo, ó ní "Orobo póòlù." Ibẹ̀ ló ti fò mọ́ ọn. Tíṣà jáde nígbà yẹn gan-an, ohun tó rí ni pé ọmọ ńlá ń lu ọmọ kékeré.

Ọmọ ńlá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ tó tóbi ju ọjọ́ orí ẹ̀ lọ máa mọ ohun tí mò ń sọ. Ọmọ ọdún márùn-ún ni, ó ga, ó fẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ ló jọ lójú ẹni tó bá rí i. Tó bá sunkún, wọ́n á ní "àgbà yìí!" Tó bá fẹ́ kí n gbé òun, wọ́n á ní ojú ò tì í. Àga tí wọ́n bá fẹ́ kó láti kíláàsì kan sí èkejì, òun ni wọ́n máa pè, ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n fi í sí torí pé ó ń dí bọ́ọ̀dù mọ́ àwọn yòókù. Ara ẹ̀ ti ṣíwájú ọpọlọ ẹ̀, àwọn èèyàn sì ń bi ọpọlọ léèrè ohun tí wọ́n rí lára. Èmi náà ń ṣe é. Mo máa ń bá a wí ju bí mo ṣe ń bá àbúrò ẹ̀ wí lọ.

Nǹkan kan tí wọ́n ṣe ní 1961 ní Amẹ́ríkà, Richardson àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀, mi ò lè gbàgbé ẹ̀. Àwòrán ọmọ mẹ́fà ni wọ́n fi han àwọn ọmọ ọdún mẹ́wàá sí mọ́kànlá: ọ̀kan ara ẹ̀ dá ṣáṣá, ọ̀kan ń fi ọ̀pá rìn, ọ̀kan wà lórí àga onítáyà, ọ̀kan ò ní ọwọ́ kan, ọ̀kan ojú ẹ̀ ní àbùkù, ọ̀kan sanra. Wọ́n ní kí wọ́n tò wọ́n bí wọ́n ṣe fẹ́ràn wọn sí. Ọmọ tó sanra ló gbẹ̀yìn. Ní 2003, Latner àti Stunkard tún un ṣe, ẹ̀yìn náà ló tún wà, ìkórìíra yẹn tiẹ̀ tún ti pọ̀ sí i. Àwọn ọmọ tó ń tò wọ́n yẹn ò burú, ilé ni wọ́n ti kọ́ ọ. Tiwa ò sì rí bíi tàwọn òyìnbó gẹ́lẹ́, ní tiwa, ọmọ tó sanra lọ́wọ́ ìyá ẹ̀ jẹ́ ìyìn, àfi tó bá wọ súkúù kí ìyìn yẹn tó di ẹ̀sín, ẹnikẹ́ni ò sì ní sọ fún ọmọ náà pé ọjọ́ báyìí ló yí padà.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀, torí tí mo bá sọ̀rọ̀ ọmọ tó sanra nìkan, ó máa dà bíi pé ìwà burúkú ń gbé inú ọ̀rá. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé ní Ìyàrá, ó ní ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́fà, kílò 15. Lẹ́pa là ń pe ìyẹn (ẹ̀yin náà ẹ wo ìdílé wa, a ò mọ̀ ju ká fi ara ọmọ sọ ọmọ lórúkọ lọ). Súkúù tiẹ̀ náà ń pe ìyá ẹ̀. Ó ń ya ìwé ẹlòmíì, tí wọ́n bá ní kó kọ nǹkan á ní òun ò kọ, á dojú bolẹ̀ sórí tábìlì, tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án á figbe ta. Wọ́n ní olóríkunkun ni. Àwọn kan ní ṣe ni kí wọ́n gbé e lọ sórí òkè àdúrà.

Ẹ̀gbọ́n mi máa ń jáde lọ sọ́jà kí ilẹ̀ tó mọ́, á fi owó oúnjẹ bíréèkì sí i lápò. Èmi ni mo bi í pé aago mélòó ni wàhálà yẹn máa ń ṣẹlẹ̀. Kò mọ̀, ó lọ bi tíṣà. Tíṣà náà rò ó, ó rò ó, ó ní lóòótọ́ o, àárọ̀ ni. Lẹ́yìn bíréèkì, ọmọ náà máa ń jókòó jẹ́jẹ́, ó tiẹ̀ máa ń kọrin. Láti oúnjẹ alẹ́ ní agogo méje títí di agogo mẹ́wàá ààbọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ kílò 15 ò fi nǹkan kan sẹ́nu. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíì wọ̀ ọ́, gbogbo wa la máa ń pa òwe yẹn, a kì í rò pé ọmọ tó ń ya ìwé ló ń bá wí. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í se ògì sínú fíláàsì sílẹ̀ kó tó jáde, pẹ̀lú àkàrà mẹ́ta. Mi ò sọ pé ó di áńgẹ́lì o, àmọ́ súkúù ò pè é mọ́.

Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé lọ́dọ̀ wa, irú ti Lẹ́pa ló pọ̀ ju irú tọmọ mi lọ fíìfíì. Ìwádìí ìlera tí ìjọba ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018, NDHS, sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, mẹ́tàdínlógójì ni kò ga tó bó ṣe yẹ torí àìjẹunrekánú, méjì péré ló sanra jù. Ohun tí ebi ń ṣe fún ìwà ọmọ sì máa ń pẹ́ lára. Ní Barbados, Janina Galler àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ tọ́pa àwọn ọmọ tí àìjẹunrekánú ti bá fínra gan-an ní ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n dáyé. Wọ́n tọ́jú wọn, wọ́n jẹun, ara wọn padà bọ̀ sípò. Síbẹ̀ nígbà tí wọ́n dé súkúù, nǹkan bí ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni kò lè pa ọkàn pọ̀ sójú kan, nígbà tó jẹ́ pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni láàárín àwọn ẹgbẹ́ wọn tí kò jẹ irú ìyà yẹn. Kílò ti padà, ọkàn ò tíì padà.

Ọjọ́ tí mo gbé ọmọ mi lọ sí ibùdó ìlera láti lọ wọ̀n ọ́n ni mo fojú ara mi rí nǹkan tó jọ ọ́. Ọmọ kan wà níwájú wa lórí ìlà, á tó ọdún méjì, nọ́ọ̀sì fi tẹ́ẹ̀pù aláwọ̀ mẹ́ta yẹn yí apá ẹ̀ ká, ó bọ́ sójú pupa, ìyẹn ni pé apá yẹn ò tó sẹ̀ǹtímítà 11.5. Ẹsẹ̀ ọmọ náà wú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ wú, ẹni tí ò bá mọ̀ á ní ó sanra, ìyá ẹ̀ gan-an ní òun rò pé ó ti ń ki ni. Kò sunkún. Gbogbo ọmọ tó kù ń ké bí ẹran Iléyá, òun ò wo tẹ́ẹ̀pù, kò wo nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì ní, "Ọmọ tó bá ń ké mọ́ mi, mo fẹ́ràn ẹ̀. Ìdákẹ́ báyìí ni mò ń bẹ̀rù." Cicely Williams, dókítà tí wọ́n bí ní Jàmáíkà, ló kọ̀wé nípa àìsàn yìí ní 1933 nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, Gánà òní, ẹnu àwọn Gáà ló sì ti gba orúkọ ẹ̀, kwashiorkor, àìsàn tí ọmọ máa ń ní tí wọ́n bá já a lẹ́nu ọmú torí àbúrò ẹ̀ dé. Àwọn tó ń tọ́jú wọn máa ń sọ pé ọjọ́ tí ọmọ náà bá rẹ́rìn-ín ni wọ́n máa ń mọ̀ pé ó ti fẹ́ yè.

Ó wá kàn wá. Ọmọ mi gorí ìwọ̀n, kílò 26. Ọmọkùnrin tó bá pé ọdún márùn-ún, lórí tábìlì àjọ WHO, kílò 18 ló máa ń tó láàárín gbùngbùn. Mo ti múra sílẹ̀ pé nọ́ọ̀sì á bú mi. Kò bú mi. Ó kàn wo ẹnu ọmọ náà tó là sílẹ̀, ó bi mí pé, "Ó máa ń hanrun?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ṣé ó máa ń hanrun! Ọmọ tó jẹ́ pé bàbá ẹ̀ ti gbà á sílẹ̀ lórí fóònù tó fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí, "ẹ gbọ́ jẹnẹrétọ̀ wa." Nọ́ọ̀sì ò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n má sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kí n jókòó tì í, kí n máa ka èémí ẹ̀.

Kò síná lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo da ojú fóònù délẹ̀ kí tọ́ọ̀ṣì ẹ̀ má bàa jí i, mo jókòó sórí àpótí. Ó sùn, ó na ọrùn sẹ́yìn bí ẹni tó ń wo òkè, òógùn bò ó nínú ọyẹ́, ó ń hanrun. Lójijì ó dákẹ́. Àyà ẹ̀ ń lọ sókè sódò, àmọ́ atẹ́gùn ò wọlé. Mo kà á: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mo ka mẹ́sàn-án, mo ka mẹ́wàá, mo ka mọ́kànlá, mo ti fẹ́ gbá a mú nígbà tó fà á sínú kùù, tó yíra padà, tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Mo rò pé ó tán. Ó tún dákẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, mi ò lè ka iye ẹ̀ mọ́. Ọdún méjì la ti ń fi ṣẹ̀fẹ̀.

Ìlọrin la gbé e lọ. Ọ̀nà yẹn, láti Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀ gba Mopá, Ìsánlú, Ẹ̀gbẹ̀ títí dé Òmù-Àrán, ẹ má jẹ̀ẹ́ n sọ̀rọ̀ ẹ̀, ìdí mi ṣì ń dùn mí. Dókítà tan iná sọ́fun ẹ̀, ó ní kí èmi náà wá wò ó. Ẹran méjèèjì tó wà lọ́tùn-ún lósì ọ̀nà ọ̀fun ti wú débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu kora, ó ní òmíì tún wà lẹ́yìn imú tí a ò lè rí. Ó ní ọ̀rá ọrùn náà ń dá kún un, tí ọmọ ò bá sì sùn dáadáa, ebi á máa pa á ju bó ṣe yẹ lọ, á tún máa sanra sí i. Ó ní àgbàlagbà tí kò bá sùn á máa tòògbé kiri, àmọ́ ọmọdé tí kò bá sùn, ńṣe ló máa ń le, á máa sáré, á máa jà, á máa ṣe bí ẹni tí wọ́n fi nǹkan kan gún nídìí. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń gbọ́ ìtàn ọmọ mi láti ẹnu ẹni tí kò tíì lo wákàtí kan pẹ̀lú ẹ̀.

Ìyé ní ká má náwó dànù, bélúbélú lásán ni, àwọn onígbàjámọ̀ wà nísàlẹ̀ ọjà tó ń gé e. Mo gbà pé ìfẹ́ ló fi sọ ọ́. Mo sì rántí ọmọ àdúgbò wa kan tí wọ́n gé tiẹ̀ báyẹn, tí ẹ̀jẹ̀ ò dá. Dókítà náà ò yára mú ọ̀bẹ o. Ó sọ fún mi pé àwọn ọmọ kan máa ń kúrò níbẹ̀ fúnra wọn. Mo lọ ka ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2013 ní Amẹ́ríkà lórí ọmọ 464, ọdún márùn-ún sí mẹ́sàn-án, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ gé ẹran ọ̀fun yẹn fún àwọn kan kíákíá, wọ́n ń ṣọ́ àwọn yòókù fún oṣù méje. Nínú àwọn tí wọ́n kàn ń ṣọ́, ó sún mọ́ ìdajì tí mímí wọn lójú oorun padà bọ̀ sípò láìfọwọ́ kàn wọ́n. Ìdánwò tí wọ́n fi wo bí ọmọ ṣe ń pọkàn pọ̀ ò tiẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láàárín ẹgbẹ́ méjèèjì. Ìwà ló yàtọ̀. Oorun náà yàtọ̀. Àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún dára jù. Tèmi, mo ti ka mọ́kànlá lórí àpótí, mi ò lè jókòó ka oṣù méje. A gba owó àjọ, ọkọ mi ta kajú tó kù lóko ní ìwọ̀nkúwọ̀n, wọ́n ṣe é.

Alẹ́ àkọ́kọ́ tó sùn nílé, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo dìde lẹ́ẹ̀mẹrin lọ fi ọwọ́ sí i nímú.

Orúkọ yẹn ló ṣòro jù láti gé. Mo gbé e sórí WhatsApp ẹbí pé ẹ jọ̀ọ́, látòní lọ, orúkọ tí bàbá ẹ̀ sọ ọ́ ni ká máa pè é. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kan ní òyìnbó ti ń yọ mí lẹ́nu. Ìyé fèsì pé òun ti gbọ́, ó wá kọ "ẹ bá mi kí Orobo" sábẹ́ ẹ̀. Èmi fúnra mi, mo ṣì máa ń ṣì í pè, pàápàá tí inú mi bá dùn, á wá wò mí, á ní "Mọ́mì, èmi kọ́." Lẹ́pa náà ti ń sọ bẹ́ẹ̀ ní Ìyàrá, ó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀.

Oṣù kẹrin lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, a padà lọ wọ̀n ọ́n. Dókítà ti kìlọ̀ fún mi pé ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa ń ki sí i lẹ́yìn ẹ̀, torí ọ̀nà oúnjẹ ti là, agbára tí ọmọ ń fi jà láti mí lóru ti wá di ti ara, pé ká máa jẹ́ kó sáré, ká dín míníráàlì kù, ká má sì fi oúnjẹ jà. Kílò 28 ààbọ̀. Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sínú káàdì, ó ní ká máa ṣọ́ ọ, ó bi mí nípa ìjà, mo ní láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé táàmù yìí, kò tíì gé ẹnikẹ́ni jẹ.

Ibẹ̀ ni mo ti gba súkúù kọjá lọ mú un. Tíṣà rí mi lẹ́nu géètì, inú ẹ̀ dùn, ó di mí lọ́wọ́ mú, ó ní, "Mọ́mì, ẹ kú iṣẹ́ o! Mo sọ fún yín àbí mi ò sọ? Ẹ wo bó ṣe jókòó jẹ́jẹ́. Ó ti fọn dáadáa." Káàdì yẹn wà nínú báàgì mi, kílò 28 ààbọ̀, yíǹkì ẹ̀ ò tíì gbẹ. Mo wo inú kíláàsì. Ó wà lórí àga iwájú, ó pa ẹnu dé, ó ń fi kéréyọ́ǹnù kun eégún.

Mo ní, "Ẹ ṣeun mà."